Tẹ́sítà Inú Àpò

Mo bá àbúrò ọkọ mi nílé ni, torí náà ọkọ mi lòun náà, n ò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Ẹ̀rí-dà ni mo sọ ọ́. Tí ẹ bá kí i kú oríire, á bèèrè ohun tó fi hàn pé oríire ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì sóhun tó wù ú láti gé bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ wáyà iná lòun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ yàrá wa. Láràárọ̀, kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ jọ, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn. Àbúrò rẹ̀ ní ẹni tó bá sọ pé ohun kan wà ló máa mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó ní òun ò rí i.

Lọ́jọ́ kan pásítọ̀ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ìwọ náà mú ẹ̀rí wá pé kò sí."

"Pásítọ̀, tí mo bá ní ẹ jí adìẹ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ẹ̀rí pé ẹ ò jí i?"

Pásítọ̀ kẹ̀yìn sí i. Ó fajú ro, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ mi wá na wáyà kan sókè. "Iná wà nínú èyí àbí kò sí?"

"Ó wà, títí tẹ́sítà á fi sọ pé kò sí."

"O ò rí i, o sì gbà pé ó wà. Ìwọ náà ti di onígbàgbọ́ nìyẹn."

"Ìṣọ́ra nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ìṣọ́ra kì í ṣe ẹ̀rí. Mi ò sì kúnlẹ̀ fún wáyà rí."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ ọn kí àbúrò rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dá a dùbúlẹ̀. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òfin àkọ́kọ́ tó sì kọ́ ọ ni pé bó jẹ́ bàbá tó bí ẹ lọ́mọ ló ní òun ti pa iná, fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ilé búrẹ́dì kan ló pè wọ́n pé ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti dákẹ́. Àbúrò lọ pa iná lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n kígbe bi í pé ṣé ó ti pa á, ó dáhùn pé òun ti pa á. Ọkọ mi nawọ́ mú wáyà. Inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ti bá tẹ́sítà nígbà tí wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn òkú.

Àwọn tó sáré wọlé ti pa gbogbo súìsì tọ́wọ́ wọn tó. Nígbà tí ariwo máa fi rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, pálọ̀ wa kún. Àwọn kan ní àìgbàgbọ́ Ẹ̀rí-dà ló fà á. Àwọn kan ń sọ ọ́ sétí ara wọn pé ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ dá ní. Òun ṣáà ń tẹnu mọ́ ọn pé òun pa iná. Pásítọ̀ bá dìde.

"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa mú ẹ̀rí wá. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, nínú ilé ọ̀fọ̀. Mo kórìíra gbogbo wọn pátá. Mo retí kí Ẹ̀rí-dà rán an létí adìẹ, torí àwọn ló fẹ̀sùn kàn án, àwọn ló yẹ kó wá ẹ̀rí. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyàwó wa, ẹ mọ̀ mí. Mi ò parọ́ fún yín rí. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

Lóòótọ́, kò parọ́ fún mi rí. Ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni, ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ mo rántí tẹ́sítà yẹn, gbáko nínú àpò. Ọkọ mi tí kò jẹ́ gba ti bàbá tó bí i lọ́mọ gbọ́ lórí wáyà, ohùn àbúrò rẹ̀ nìkan ló gbọ́, ó sì tó o.

"Ẹ̀gbọ́n yín gbà yín gbọ́," mo ní. "Kò bèèrè ẹ̀rí. Èmi ń bèèrè."

Ó dìde. Ó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárín bàtà àwọn onígbàgbọ́, ó sì pẹ́ kó tó rí i.