Orin Tó Ga Ju Ìwé Lọ

Oṣù mẹ́fà ni àwọn akọrin Leribe fi kọ́ orin kan ṣoṣo, Ntate Mohlomi, adájọ́ àgbà, sì fẹ́ lé wọn kúrò nínú ìdíje. Puleng, tó ń darí wọn, jókòó níwájú rẹ̀ ní Maseru, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ọmọ ilé ìwé.

"Ìwé orin ní F ni dò," ni adájọ́ wí. "Ẹ̀yin fò kọjá F, ẹ ò sì dé G. Ẹni tó bá yí ohùn orin padà, ilé ló ń lọ, 'Mè Puleng."

"Ntate, awakùsà ni àwọn ọkùnrin mi. Bí mo bá ní kí wọ́n gòkè tó yẹn, wọ́n á ní kí n máa gùn ún lọ fúnra mi."

Relebohile, obìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, rẹ́rìn-ín sínú. Ó tún ṣí orin náà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ohùn àwọn ará Leribe jáde tínrín, ó ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹ̀rù ba Puleng. Àbí ayọ̀ ló gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà, tí òun tó ń darí kò mọ̀?

"Níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?" ló bi Relebohile.

"Níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ló wà ṣáájú, àti irin yín."

Irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń mú ohùn ni. Puleng ti lù ú, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ," ni Puleng wí.

Irin náà dún nínú ẹ̀rọ. Ntate Mohlomi yọ tirẹ̀, tó yẹ kó dún bákan náà, lápò, ó lù ú mọ́ orúnkún, ó gbé e sétí. Ó tún un lù.

"Tèmi lọ sílẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Èèyàn lè gbé ohùn sókè, Ntate. Irin ńkọ́?"

Relebohile ti tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ forí jì mí. Ẹ̀rọ tó gba orin yìí gé ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì àti ọgọ́rùn-ún. Èmi ní kí tiwa máa ka ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń kánjú jẹ ẹ́ ni, ìyẹn ló gbé ohùn sókè."

Ó tún un ṣe. Ohùn àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀, ó balẹ̀, bí Puleng ṣe mọ̀ ọ́n gan-an. Adájọ́ gbé irin sétí, ó sì fagi lé ìdájọ́ tó ti kọ.

"F ni. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Ẹ má pẹ́ o, a kì í dúró de Leribe."

Puleng mí kanlẹ̀. Ó jáde síta. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń dá rẹ́rìn-ín.