Ẹ Fi Mí Sílẹ̀ Kí N Pa Á

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kì í ṣe gbogbo àlejò. Kondwani, ọmọ Màláwì tó wá kàwé nílùú Òṣogbo, ojú tirẹ̀ ń ríran ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ohun tó bá sì rí, ẹ̀rín ló fi ń rín. Ilé Bàbá Níyìọlá ní Ọ̀fàtẹ̀dó ló gba yàrá sí. Àwọn ará àdúgbò ò lè pe orúkọ rẹ̀ tán, wọ́n gé e kù sí Kọ́ndù. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á jókòó sẹ́yìn ilé, á máa fi fóònù sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Tiyamike, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílé. Ìròyìn àwa Yorùbá ló máa ń ṣe fún un, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n.

Á ní, "Tiyamike, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń pa èèyàn níbí, n ò sì tíì rí òkú kankan. Ìyá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí pé òun á pa á jẹ, torí ó da gààrí sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́sàn-án, ọmọ náà ti sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ tèmi, wọ́n kí mi pé mo kú ìjókòó. Kí ni mo fi ìjókòó ṣe fún wọn?"

Ṣùgbọ́n ìjà ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Tìmí tó ń jó irin mọ́ irin nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé ló fi mọ bí wọ́n ṣe ń jà níbí. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni Tìmí, ó gbẹ bí igi ìdáná, ẹnu rẹ̀ ló sanra. Òun náà ni ọ̀rẹ́ tí Kọ́ndù kọ́kọ́ ní ní gbogbo ìlú yìí. Nígbà tí ibà gbé Kọ́ndù dè nínú yàrá, tí kò lè dá jókòó mọ́, Tìmí ló gbé e sórí ọ̀kadà, tó fi ìborùn Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, tó sì gbé e bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù. Kọ́ndù ò jẹ́ gbàgbé oore yẹn. Síbẹ̀, ó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àkànó tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì títì ni Tìmí máa ń bá jà. Àkànó síngbọnlẹ̀, apá rẹ̀ tó itan Tìmí. Ó máa ń sá búlọ́ọ̀kù tútù síwájú ṣọ́ọ̀bù Tìmí, Tìmí á ní kó kó o kúrò, ọ̀rọ̀ á sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ bí Kọ́ndù ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ó ní kí Tìmí tó bínú, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì. Bó bá jẹ́ pé òun àti Àkànó nìkan ló wà níbẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n" ló máa sọ, á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá rí èèyàn nítòsí, á ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. Á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á ká a dáadáa torí Mọ́nsúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, á fún ẹnì kan ní fóònù rẹ̀ mú dání. Lẹ́yìn náà ló máa wá gbéra lọ bá Àkànó, á sì rọra lọ díẹ̀, kí àwọn tó máa dì í mú lè ráyè dé. Bí wọ́n bá ti gbá a mú tán, ìgbà yẹn gan-an ni agbára á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí i.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mo ní ẹ fi mí sílẹ̀ kí n pa á!"

Àkànó náà á máa bú ramúramù lọ́wọ́ àwọn tó di tirẹ̀ mú: "Ẹ jẹ́ ó máa bọ̀! Ẹ jẹ́ ó wá!" Bí Bàbá Níyìọlá bá jáde, tó ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni, oníkálùkù á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, àwọn méjèèjì ló sì borí.

Kọ́ndù sọ fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ èmi ló bọ́ sí lọ́wọ́, màá fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣe." Tiyamike fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ó ní kó má gbàgbé láti fi fóònù yà á fún òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọjọ́ náà pé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti lọ kírun. Àwọn obìnrin mélòó kan tó ń ta ọjà létí títì ló kù, obìnrin kì í sì í wọ àárín ọkùnrin méjì tó ń jà. Àkànó tún sá búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tìmí dúró, ó wò ó, ó gbé e mì. Kò ní sọ nǹkan kan. Àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí Kọ́ndù tó ń ti ilé ìwé bọ̀, tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ là. Ó ti rí ẹni tó máa di òun mú. Ló bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Kọ́ndù sáré dé lóòótọ́, ó sì gbá a mú níbàdí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló fi dì í. Fóònù ló wà lọ́wọ́ kejì, ó ti ń yà á.

"Kọ́ndù, fi mí sílẹ̀! Fi mí sílẹ̀ kí n pa ẹran yìí!"

Ni Kọ́ndù bá fi í sílẹ̀.

Tìmí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ síwájú, ó dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ojú ọmọ tí ọ̀já tú mọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni. Ó wo Kọ́ndù pé bóyá ọwọ́ ló yọ̀, bóyá yóò tún dì í mú. Ẹ̀rín ló rí lójú Kọ́ndù. Àwọn obìnrin létí títì ń wò ó, kò sì sí bí ọkùnrin ṣe máa fi irú ariwo yẹn sẹ́nu kó tún yí padà. Ó mi orí, ó kọjú sí Àkànó, ó sì lọ.

Ẹ̀rù ba Àkànó. Kò sẹ́ni tó di òun náà mú, kò sì rí i kí Tìmí dé ọ̀dọ̀ òun rí. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi kọ lu òkìtì yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ṣọ́bìrì tó wà níbẹ̀. Ó gbé e, kò sì wo ibi tó fì í sí. Ẹnu ṣọ́bìrì náà ba Tìmí lójú òsì, ó sì dún bí ìgbà tí wọ́n bá la igbá. Ẹ̀jẹ̀ ta sára búlọ́ọ̀kù tútù. Ká ní Tìmí ṣubú ni, bóyá ibẹ̀ ni ì bá mọ. Kò ṣubú. Ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó ń táràrà, ọ̀dọ̀ Àkànó náà ló sì tún ń táràrà bọ̀. Àkànó rò pé ìjà ló tún gbé bọ̀. Ó là á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì, egungun àgbọ̀n fọ́, eyín mẹ́ta jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí Tìmí wá dojú bolẹ̀ tán ni Àkànó rí ohun tó ṣe, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ké "Yéè!", ó sì fẹsẹ̀ fẹ.

Ojú òsì Tìmí ti lọ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Wọ́n fi wáyà dì í lágbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Mọ́nsúrátù jókòó tì í, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ, obìnrin náà sì di Kọ́ndù lọ́wọ́ mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ṣé, Kọ́ndù. Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ nìkan lo gbìyànjú. Ọlọ́run á ṣàánú ìwọ náà."

Tìmí fi ojú kan tó kù wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì yí orí sí ògiri. Ìwà ara rẹ̀ kó Kọ́ndù nírìíra. Ó jáde síta, ó sì pa ohun tó yà sórí fóònù rẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà ilé Àkànó mú un wá láti bẹ̀bẹ̀ ní àgbàlá Bàbá Níyìọlá. Òṣogbo kì í sáré gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bẹ̀. Àkànó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi iwájú orí lélẹ̀. Bọ̀wálé, àbúrò Tìmí, ti dé láti Ìpetu láàárọ̀ ọjọ́ náà, oko ló ń ro níbẹ̀. Ó gbé àpò iṣu kan wá fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kí gbogbo àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ará ilé Àkànó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Inú bí Bàbá Níyìọlá. "Ojú ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń pè ní omi? Bá a bá ń jà, bí i ká kú kọ́! Àkànó, ṣé ìwọ ò gbọ́ ọ rí ni?"

Àkànó gbórí sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, n ò fẹ́ jà. Tìmí náà ò fẹ́ jà. Ṣebí ẹ mọ̀ wá." Ó yíjú sí Kọ́ndù. "Kọ́ndù, mo rí ẹ. Ọwọ́ ẹ ò yọ̀. Kí ló dé tó o fi í sílẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Kọ́ndù. Ó lè purọ́, ẹnu àlejò ṣeé gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù náà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣe ni," ó ní. "Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín."

Mọ́nsúrátù dìde, ó sún mọ́ ọn, ó sì gbá a létí. Ó tún un gbá. Àgbàlá dàrú. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Ẹ jẹ́ n pa á!" "Ẹ má dì mí mú!" Àwọn kan sì ti ń dì wọ́n mú. Kọ́ndù dúró láàárín ariwo náà, etí rẹ̀ ń hó, kò gbèjà ara rẹ̀. Ibi tó dúró sí yẹn ló ti rí Bọ̀wálé.

Bọ̀wálé ò pariwo. Kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Fóònù rẹ̀ wà lápò ṣòkòtò, kò fún ẹnikẹ́ni mú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò iṣu, ó yọ àdá, ó sì dìde. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ọrùn Àkànó tó dọ̀bálẹ̀ ló ń wò, ó sì ń rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sídìí ebè. Nínú gbogbo èèyàn tó wà lágbàlá, kò sẹ́ni tó fiyè sí i, torí ẹni tó ń pariwo ni wọ́n mọ̀ ní oníjà.

Kọ́ndù sáré. Àdá ti gòkè nígbà tó fi apá méjèèjì gbá a mú látẹ̀yìn. Àdá náà yẹ̀, ó ṣá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Àkànó, ó gé eruku.

Bọ̀wálé rọra sọ pé, "Fi mí sílẹ̀." Bí ẹni ń bèèrè omi ló ṣe sọ ọ́.

"Rárá."

Bọ̀wálé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu Kọ́ndù. Ó fi ẹ̀yìn orí kàn án nímú, imú fọ́. Ó yí àdá padà, ó fi ṣá a lápá, ó tún un ṣá níbi kan náà, ẹran là, ọ̀rá funfun yọ. Kọ́ndù ké, àmọ́ ó so ìka mọ́ ìka, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Àkànó ti rá lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àdá, wọ́n ń ké, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Bọ̀wálé wọ́ ọ kọjá ìdí kànga, ó fi í gbá ògiri, àwọn méjèèjì ṣubú, wọ́n yí nínú eruku. Kọ́ndù ò mọ apá tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé òun ò ní ṣí ọwọ́.

Lẹ́yìn ìgbà tó dà bíi pé kò ní parí, nǹkan kan já nínú Bọ̀wálé. Ó ju àdá sílẹ̀, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo Ọ̀fàtẹ̀dó kan.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Yéè, ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n pa á!"

Kọ́ndù gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́kún. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní kú lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin rọ́ wá, wọ́n di Bọ̀wálé lápá, wọ́n dì í lẹ́sẹ̀, Bàbá Níyìọlá fúnra rẹ̀ gbá a mú mọ́ àyà, Bọ̀wálé sì ń ké lórí èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kọ́ndù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìka rẹ̀ ti gan pa, wọn ò sì rí i já.

Mọ́nsúrátù ló kúnlẹ̀ tì í. Ó tú ìborùn orí rẹ̀, ó fi di ojú ọgbẹ́ náà, ó wá ń ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó tó, Kọ́ndù," ó ní. "O lè fi í sílẹ̀ báyìí."