Èéfín Ìyá Alága

Orúkọ mi ni Marlène, èmi sì ni alága ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má kà á sí bàbàrà. Ẹgbẹ́ akọrin Kátólíìkì ò fẹ́ kí ipò náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, àwọn Mùsùlùmí ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ akọrin. Wọ́n wo yàrá ká, wọ́n rí èmi tí ilé wa ń bọ òrìṣà. Ilé tiwa kì í gba ààwẹ̀ kankan. Ohun tí à ń sìn nílé wa, jíjẹ ló mọ̀. Ni wọ́n bá dìbò fún mi.

Iṣẹ́ wa ni pé kí yunifásítì tó wà lórí òkè níhìn-ín ní Dassa má ṣe tú èéfín jáde ju èyí tí àwọn igi rẹ̀ lè fà mu lọ. Mèsíọ̀ Sylvestre, olùdarí wa, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nípàdé kan ní Cotonou, “neutralité carbone”, ó sì gbé e bọ̀ wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ para pọ̀. A para pọ̀. Àwọn tí kì í lè pín pápá bọ́ọ̀lù láìgbá ara wọn létí wá ń jọ gbin kajú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta.

Lẹ́yìn náà la wá ibi tí èéfín ti ń jáde. Ẹ̀rọ amúnáwá ò tó nǹkan, torí epo kì í sí nínú rẹ̀. Alùpùpù àwọn olùkọ́ ò tó nǹkan. Ilé ìdáná ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, níbi tí obìnrin kan ti ń fi igi se iṣu iyán fún wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀. Tàǹtí Dorothée ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi ń pè é ní Màmá, torí òun ló bí mi.

Ẹ rí ọ̀ràn. Èmi ni alága, ìyá mi ni èéfín.

“Ẹ mọ ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀,” Mèsíọ̀ Sylvestre sọ fún wa. “Ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wò ó. Bí igi bá dín sí ìdajì, kí Tàǹtí máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá dín, mà á ti ibẹ̀ pa, mà á gbin òdòdó síbẹ̀.”

Mo kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá. Ó ń gún iyán lọ́wọ́, kò dúró.

“Òdòdó,” ló wí. “Ọbẹ̀ wo lẹ máa fi jẹ ẹ́?”

Ràsáàkì, olórí àwọn Mùsùlùmí, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbé amọ̀ wá láti abúlé Kpingni. Gervais, olórí akọrin, kó tirẹ̀ jáde, wọ́n mọ ààrò, wọ́n ń kọrin lé e lórí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kù ká mú ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọn igi.

“Ọjọ́rú tó ń bọ̀,” Gervais wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Ọjọ́rú dáa,” Ràsáàkì yára dáhùn.

Àwọn méjèèjì yìí ò fẹnu kò lórí ohunkóhun rí. Ó yẹ kí n fura. Àṣé Ọjọ́rú Eérú ni, akọrin sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní jẹ oúnjẹ ọ̀sán títí di Àjíǹde. Gervais rò pé bí àwọn tó ń jẹun bá dín, igi á dín, ìyẹn máa ran ààrò lọ́wọ́ díẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì mú. Ràsáàkì náà rò bẹ́ẹ̀, òun náà pa ẹnu mọ́. Oníkálùkù mọ kàlẹ́ńdà tirẹ̀ nìkan.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn oníkajú wá, wọn ò sì rí igi wọ̀n. Àwọn díẹ̀ tí kò gbààwẹ̀, ojú ń tì wọ́n láti máa bu iyán níwájú àwọn tó ń gbé itọ́ mì, wọ́n bá gun ọ̀kadà lọ jẹun nígboro. Màmá jókòó ti ààrò tútù, ó ń lé eṣinṣin. Kò sọ nǹkan kan.

Inú Mèsíọ̀ Sylvestre dùn kọjá àlà. Igi tí à ń jó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo.

“Mèsíọ̀, ààwẹ̀ ni,” mo sọ fún un. “Kì í ṣe ààrò.”

“Kó jẹ́ ohun tó bá jẹ́. Bí ẹ bá lè gbé láìjẹun lọ́sàn-án, kí la tún fẹ́ fi ilé ìdáná ṣe? Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Cotonou. Àwọn ló máa gbin òdòdó àkọ́kọ́.”

Ọkùnrin tó ń lọ jẹun nílé lójoojúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sunkún. Nígbà tí mo sọ fún Gervais àti Ràsáàkì, wọn ò lè wò mí lójú.

“Mo fẹ́ ran Tàǹtí lọ́wọ́ ni,” Gervais wí.

“Èmi náà,” Ràsáàkì wí.

Mo bú àwọn méjèèjì, mo fi Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì kún un.

Àwọn àlejò dé ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń sun àpáta. Mèsíọ̀ Sylvestre sọ̀rọ̀ títí, ó ní èéfín ti di ìtàn nínú ọgbà wa. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ọkùnrin sísanra kan, ń nu òógùn. Ó rọra bi í léèrè ibi tí wọ́n ti máa jẹun.

Òdòdó nìkan ló wà nílẹ̀. Mèsíọ̀ Sylvestre sáré tọ Màmá lọ.

“Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan fún wa.”

“Mèsíọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n má dáná mọ́.”

“Ẹ dá a.”

“Ààrò tuntun máa pẹ́ díẹ̀ o, ó kéré fún èrò báyìí. Àbí kí n lo àwọn ti àtijọ́?”

“Ẹ lo gbogbo rẹ̀.”

Màmá lo gbogbo rẹ̀. Èéfín gòkè, ó bo aṣọ funfun tí wọ́n ta sókè, tí wọ́n kọ “Campus neutre”, ọgbà tí kò ní èéfín, sí lára, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán Gervais àti Ràsáàkì níṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n bọ̀. Kò sí igi tó wọ inú iná tí wọn ò kọ́kọ́ wọ̀n.

“Orúkọ ta ni kí n kọ ọ́ sí?” Gervais béèrè sókè.

“Akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò jẹun,” Ràsáàkì wí, ó gbé itọ́ mì. “Kọ ọ́ sí Dirẹkitọ̀.”

Nígbà tí wọ́n jẹ iyán àti wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní, tán, Gervais fi ohùn tó fi ń ka Bíbélì ní ìsìn ka àbájáde rẹ̀ sí wọn létí. Igi tí Mèsíọ̀ Sylvestre àti àwọn àlejò rẹ̀ jó lọ́sàn-án yẹn ju èyí tí gbogbo wa jó láti Ọjọ́rú Eérú lọ. Ọkùnrin sísanra yẹn rẹ́rìn-ín títí òkèlè fi há a lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbá a lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n bu sí i.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ òdòdó. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a fi ikùn kíkún tún igi wọ̀n. Ó dín díẹ̀, kò dé ìdajì. Olùdarí ní kí a tún ààrò mọ, kí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àwọn àlejò yẹn, nígbà tí wọ́n ti lọ, mo bá Màmá níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà tí ààrò rẹ̀ fi tutù.

“Kí ni kí n sọ? Ṣebí ọmọ mi ni alága.”

Ó wò mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ òdòdó, oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́, mo sì rò pé kò mọ̀. Ó ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó gbé àwo síwájú mi.

“Jẹun,” ló wí. “Ilé wa kì í gba ààwẹ̀.”