Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọmọ mi obìnrin ní àgbàlagbà kì í dá gbé. Ó ní kí n kó wá sílé òun, tàbí kí n wá ẹni tí yóò máa bá mi gbé. Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé mi. Mi ò fẹ́ lọ síbì kankan.

Mo lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá àti ológbò tí àwọn tó ni wọ́n já jù sílẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn fi àwọn tó ń fara nu ẹsẹ̀ ènìyàn hàn mí. Ológbò kan kọjú sí ògiri. Obìnrin náà ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé ojú máa ń tì í, kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Mo ní òun ni mo fẹ́. Ẹni méjì tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè jà.

Bí a ṣe délé ló wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń gbé oúnjẹ síbẹ̀, mo ń padà wá bá àwo òfìfo. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ mi pè. Ó bi mí bóyá mo ti rí ẹnì kan. Mo ní mo ti rí i, ó wà nínú yàrá. Ó ní kí n gbé fóònù fún un kí òun kí i. Mo ní ojú ń tì í, kò tíì jáde látìgbà tó ti dé.

"Bàbá, 'ó' lẹ̀ ń wí. Ẹ ò ní 'wọ́n'. Ṣé ọmọdé ni?"

"Kò dàgbà púpọ̀."

"Ṣé ó tó mi?"

Mo rò ó wò. Mo ní kò tó ọ. Ó pa fóònù.

Mo lè pè é padà. Mi ò pè é. Ó ní kí n wá ẹni; kò sọ iye ẹsẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ní.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti àbúrò mi obìnrin jọ dé. Lọ́yà là ń pe àbúrò mi yìí, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kì í bá wọn dá sí. Ó kọ́kọ́ bá mi wí. Ó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lẹ́yìn náà ló gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó fi ẹnu ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, jáde wá. A ò bá tìjà wá."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́yà mirí. Ó ní kò sọ́rọ̀ àrífín lẹ́nu ọmọ yìí, ó jọ pé ilé ire ló ti wá.

Ọmọ mi ò ní irú sùúrù yẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀, ó yọjú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú méjì ń wò ó padà.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ológbò ò lè gbé mi dìde bí mo bá ṣubú. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun yóò kó ẹrù mi lónìí, níbo ni àpótí aṣọ mi wà?

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, lẹ́yìn ológbò.

Lọ́yà mú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ fi lé e jáde. Ọmọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ má lé e. Ẹ̀rù ń bà á. Ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá fi tipátipá mú un kúrò níbẹ̀, kò ní jẹun mọ́."

Lọ́yà wò ó, ó wò mí.

"Èwo nínú àwọn méjèèjì lò ń sọ?"

Mi ò dá sí i. Ẹni tí wọ́n bá ti bá ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ pẹ́. Kò tún mẹ́nu kan àpótí. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Mi ò bi í ẹni tó fẹ́ wá wò.