Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Ní Í Gbé Fóònù

Fóònù Garland tún dún. Ó ń gbọ̀n lórí tábìlì, láàárín abọ́ ẹ̀pà bíbọ̀ àti ìkòkò ẹ̀wà oníata, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tàn lójú rẹ̀: Roscoe.

"Gbé e," ni Darlene ìyàwó rẹ̀ wí níbi tó ti ń fọ àwo.

"Mi ò gbé e."

"Garland, òfin tí bàbá yín fi lélẹ̀ ni."

"Bàbá wa ti kú. Ká ní wọ́n rí ohun tí mo rí lónìí, àwọn náà ò ní gbé e."

Ohun tó rí kò ṣeé fẹnu sọ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Talmadge, ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé sáré, ló ń lé iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí eré ku díẹ̀ kó parí ni Harlan fi àmì ẹyọ kan kọjá wọn. Síbẹ̀ ìrètí wà, nítorí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Talmadge, kò sì jìnnà sí òpó. Ọmọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì jáde wá; bó bá wọlé, wọ́n borí nìyẹn. Gbogbo àwọn tó wọ pupa Talmadge di ara wọn lọ́wọ́ mú, Garland sì kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé tirẹ̀. Ọmọ náà gbá a. Bọ́ọ̀lù lu òpó ọ̀tún, ó já bọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wù búlúù Harlan sì ya wọ orí pápá, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ tí a fún ní ìyọ̀ǹda.

Ọdún kẹrin rèé tí Harlan ń lù wọ́n.

Garland kò ka ìwé ní Talmadge o. Roscoe náà kò sì fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì kankan ní Harlan. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni Garland ń tún ṣe, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ pépà ni Roscoe ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré bíi Dutton Ferry, ní Alabama níbí, kò sí ẹni tí kì í ṣe ti ọ̀kan nínú yunifásítì méjèèjì. Wọ́n ń fi pupa tàbí búlúù sin òkú, wọ́n ń fi kun ilé ajá. Ilé pupa ni wọ́n bí àwọn ọmọkùnrin Pruitt méjèèjì sí. Nígbà tí Roscoe wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ jó irin nídìí àga tuntun tí wọ́n ń ṣe sí pápá Harlan, ó sì dé fìlà búlúù padà wálé. Bàbá wọn kò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi dé.

Bàbá náà ló wá ṣòfin nígbẹ̀yìn, kí ilé má baà tú. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti pàdé, ẹni tó borí ni yóò pe ẹnì kejì lórí fóònù. Ẹni tó fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ gbé e, kó dákẹ́, kó gbọ́ orin ẹgbẹ́ tó borí tán, kó tó wá sọ pé, "Ẹ ti lù wá, ẹ sì mọ̀ ọ́n lù." Ó parí nìyẹn di ọdún tó ń bọ̀. Òfin náà dára, àwọn méjèèjì sì pa á mọ́ títí orí wọn fi funfun. Àṣejù Roscoe ló kó bá a. Kò mọ sórí àbúrò rẹ̀ nìkan mọ́. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ọkọ ẹlẹ́wù pupa, ó ń pe Crenshaw díákónì, ó ń pe onígbàjámọ̀, ó ń pe dókítà tó ń yọ eyín fún un. Lọ́jọ́ tí Harlan bá borí, kò sí ẹni pupa kan tí Roscoe mọ̀ tí fóònù rẹ̀ kì í dún.

Fóònù dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Darlene nu ọwọ́, ó súnmọ́ tábìlì. "Ìpè yìí ti ń pọ̀ jù, Garland. Wọn kì í pè tó báyìí."

"Lọ́dún tó kọjá, ṣebí wọ́n kọrin tán, wọ́n tún pè padà kí wọ́n lè kọ ẹsẹ kejì? Wọ́n ti ń gbaradì láti àárọ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ẹ̀gbọ́n ẹyọ kan."

"Ṣé mo ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni? Mo ní mi ò gbọ́ orin ni."

Nígbà tí ìpè parí, àmì ohùn tí Roscoe fi sílẹ̀ yọ lójú fóònù, méjì. Garland kò gbọ́ ọ̀kankan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àkọ́kọ́, ó pa á rẹ́, ó tẹ ìkejì, ó pa á rẹ́. Ó wá ju fóònù sínú àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ ìnuwọ́ sí, ó tì í pa. "Kí wọ́n máa kọ ọ́ fún aṣọ ìnuwọ́," ló wí. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti lu òpó, ìyẹn nìkan ni ohun tó dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sunday, Roscoe kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí láti júwe ìjókòó fáwọn èèyàn, bí Harlan bá sì borí, táì búlúù ló máa ń so mọ́rùn, tí yóò máa fọwọ́ tún un ṣe bí ẹlẹ́wù pupa bá ti ń kọjá. Ẹlòmíràn ló dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Díákónì Crenshaw fi ìgúnpá gún Garland. "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Àbí ó ti kọrin títí ọ̀fun fi dí?"

"Ẹ bá mi bi í."

"Ó pe èmi náà lánàá. Orúkọ rẹ̀ ni mo rí, mo bá pa fóònù." Díákónì rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Àwọn tó wà níwájú wọn náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti pe àwọn náà.

Darlene kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kọ orin kejì tán, ó fà mọ́ etí ọkọ rẹ̀. "Roscoe tí mo mọ̀, bí ibà bá dá wọn dùbúlẹ̀ pàápàá, wọn á wá fi táì yẹn hàn wá. Dìde, ká lọ."

Ilé Roscoe kò ju òpópónà méjì lọ sí tiwọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀, kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà ní títàn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ kóòtù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tó lu òpó. Roscoe wà nílẹ̀ nínú ilé ìdáná, láàárín fìríìjì àti ògiri, nínú ẹ̀wù búlúù rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ń mí.

Garland wólẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi." Ojú kan wò ó. Ohun tó jáde lẹ́nu Roscoe kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún jókòó tì wọ́n. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ló wí. Oògùn wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ọpọlọ, àmọ́ inú wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ti kọjá.

"Kí ló dé tí wọn ò pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn?" ni Darlene bi í.

"Bó bá ti kọlu ọpọlọ, mà, ẹlòmíràn kì í lè ronú kan nọ́ńbà mọ́. Orúkọ tó bá wà lókè nínú fóònù ni wọ́n máa ń tẹ̀."

Garland mọ orúkọ tó wà lókè nínú fóònù Roscoe.

"Ṣé wọ́n tún máa sọ̀rọ̀?" ni ó béèrè.

Dókítà wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Mi ò fẹ́ fi irọ́ tù yín nínú, sà. Mi ò rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀ mọ́."

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pẹ̀lú adìyẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo nínú ike. Gbogbo wọn ti gbọ́. Díákónì Crenshaw kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di Garland léjìká mú. "Má dá ara rẹ lẹ́bi, ọ̀rẹ́. Ta ni ì bá gbé e? Èmi náà ò gbé e." Onígbàjámọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Pásítọ̀ tó jẹ́ ẹni pupa látìgbà tó ti wà ní kékeré sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ń tù ú nínú, wọ́n ń pa á lára. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Gbogbo ìlú ni ì bá ṣe ohun tó ṣe, kò sì sí ẹnì kan tó lè bú u. Ó ń wá ẹni tó máa bú u. Gbogbo àgbà péjọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀.

Ó wá kù Tammy, ọmọ Roscoe, tó ń wakọ̀ bọ̀ láti Birmingham. Garland gbà pé ọmọ náà yóò bú u.

Tammy dé nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú títí, ó fi ẹnu kò ó níwájú orí, kó tó yíjú padà. "Bàbá kékeré, ṣé wọ́n pè yín lánàá?"

"Wọ́n pè mí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Irọ́ kan wà lẹ́nu Garland, ó ti ṣe tán láti jáde: wọ́n kọrin, inú wọn dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ìṣe wọn. Tammy ì bá gbà á, ì bá sì mú un lọ sílé bí ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n Roscoe ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọmọ náà, irọ́ náà kò sì lè jáde.

"Mi ò gbé e," ló wí. "Wọ́n fi ohùn sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́. Mi ò gbọ́ ọ."

Ó dúró de èébú. Tammy kò bú u. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú fóònù jáde, ó gbé e lé orúnkún.

"Wọ́n pe èmi náà," ló wí. "À ń jẹun nílé àwọn ẹbí ọkọ mi, gbogbo wa wọ pupa. Mo rí i pé àwọn ni. Ìyá ọkọ mi ní, 'Gbé e, tó o bá láyà.' Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá dojú fóònù délẹ̀." Ó ń fi ọwọ́ nu ojú fóònù náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. "Ohùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà níbí. Nígbà tí mo ń wakọ̀ bọ̀, mo ní màá gbọ́ ọ, mi ò lè gbọ́ ọ."

"Tammy, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Darlene wí. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

"Ohùn wọn tó kẹ́yìn nìyẹn, mà. Kò sí òmíràn."

Garland ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Tammy tẹ̀ ẹ́. Orin Harlan ló kọ́kọ́ jáde, láti inú tẹlifíṣọ̀n tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, pẹ̀lú fèrè àti ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Tammy rẹ́rìn-ín músẹ́, omi ojú sì ń dà. "Orin ni," ló wí. "Ẹ gbọ́, Bàbá kékeré, orin lásán ni." Àga kan ṣubú nínú fóònù. Wọ́n gbọ́ ẹni tó ń mí, tí èémí náà ń há. Lẹ́yìn náà ni ohùn Roscoe dé, ó wúwo bí ti ẹni tó kó oúnjẹ gbígbóná sẹ́nu.

"Tam... Tammy. Sọ fún... sọ fún Garland. Kó gbé e."

Orin náà ń bá a lọ títí fóònù fi gé e.

Tammy fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Darlene kọjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún Garland mọ́ pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ojú Roscoe là, àjà ló ń wò. Garland fà mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "Garland ni. Mo ti gbé e."

Ó wá dákẹ́, bí òfin bàbá wọn ti wí, ó ń dúró de orin.