Ìlà Yẹ́lò Tó La Ṣọ́ọ̀bù Clifford Sí Méjì

4.

…nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn méjèèjì jà, ẹ má gbà á gbọ́. Wọn ò jà. Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn. Nílùú Keighley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí inú bá ń bí kì í pariwo, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló máa ń sọ.

Clifford Hebblethwaite ń tún bàtà ṣe, ó sì ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, ó wá yọ̀ǹda ẹ̀yìn rẹ̀ fún Nesta Pugh, aránṣọ, tó ń san owó fún un lóṣooṣù. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìyàwó Clifford ti kú, ọkọ Nesta náà ti kú. Kò sí ògiri láàárín wọn, kò sí kọ́tìnnì. Bí aago mọ́kànlá bá ti lù, Clifford á po tíì, Nesta á gbé bisikíìtì jáde, wọ́n á sì jọ bú àwọn kánsẹ́lọ̀ títí ife á fi gbẹ.

5.

Ohun tí Clifford ò tíì sọ fún Nesta láti ọdún mẹ́sàn-án:

pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

6.

(Ìwé yìí ti sọnù. Mo rò pé èmi ni mo fi nu tábìlì.)

7.

*Lórí fóònù. Yvonne Tattersall ló máa ń bá Clifford ṣírò owó.*

YVONNE: Bàbá, owó-orí ọjà tẹ́ ẹ̀ ń gbà lórí owó ṣọ́ọ̀bù Arábìnrin Pugh dà?

CLIFFORD: Mi ò gba kankan.

YVONNE: Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún VAT.

CLIFFORD: Àna mi ló ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀. Ó ní màá máa rí owó-orí awọ tí mò ń rà gbà padà.

YVONNE: Àna yín náà nìyẹn. Ẹ gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ jọ ń lo ibẹ̀ pọ̀, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ gorí owó ẹ̀. Òun ò sì forúkọ sílẹ̀, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà níbẹ̀.

CLIFFORD: Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

YVONNE: Àmọ́ tí àyè tiẹ̀ bá dá dúró, tó ní ààlà, tí ẹlòmíì ò lè dédé wọ̀ ọ́, ẹ rẹ́ǹtì ilẹ̀ fún un nìyẹn. Kò sí owó-orí lórí ìyẹn.

CLIFFORD: Ẹlòmíì. Ṣé èmi náà wà lára ẹlòmíì?

YVONNE: Ẹ̀yin gan-an ni ẹlòmíì.

8.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Kì í ṣe owó. Ní oṣù kìíní, Nesta ti sọ ọ́ sẹ́nu pé tí owó ṣọ́ọ̀bù bá fi póùn kan lé sí i, òun á kó ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Aberystwyth, ní Wales lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni Clifford ti kórìíra ìlú tí kò dé rí.

Ó lọ ra téèpù yẹ́lò, ó fi la ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sí méjì.

9.

Níhà ti Clifford: ilẹ̀kùn àbáwọlé, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Níhà ti Nesta: fèrèsé, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, bisikíìtì, Nesta.

10.

*Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀.*

NESTA: Kí lèyí?

CLIFFORD: Ìlà ni.

NESTA: Mo rí i pé ìlà ni.

CLIFFORD: Ibi tìẹ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́.

NESTA: Ta ló ń yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀?

CLIFFORD: Ó dà bíi pé òjò máa rọ̀.

NESTA: Ó ti ń rọ̀, Clifford.

10 (ẹ̀yìn ìwé).

Gbólóhùn kan péré ni ì bá yanjú gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, kéèyàn máa bá obìnrin sọ̀rọ̀ owó nídìí tíì, àfi bí ẹni ń bi í léèrè iye ọdún tó jẹ́. Àwọn àgbà ní àìlèfọhùn ní ń ṣáájú orí burúkú. Clifford ò gbọ́ òwe yẹn rí, ó kàn ń fi ara rẹ̀ ṣe é ni.

11.

*Bébà pélébé pélébé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ìlà:*

Clifford, mo fẹ́ po tíì. Ṣé kí n kọjá? — N.

Ìgbà tó bá wù ẹ́. Èmi ni mi ò lè wá sí tìẹ. — C.

Ta ló ní o ò lè wá? — N.

Òfin. — C.

*(Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà:)*

Ọ̀gbẹ́ni Hebblethwaite, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ sì dúró. — Arábìnrin N. Pugh.

12.

Kò kan tábìlì. Ó ń sọdá títì lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé ìtajà míìtì páì. Àwọn yẹn ò sì ń jẹ́ kéèyàn lò ó láì ra nǹkan.

Míìtì páì mọ́kànlá, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì.

13.

*Káàdì kan, lójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù oníwèé-ìròyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé míìtì páì:*

ARÁNṢỌ, ẸNI JẸ́JẸ́, Ń WÁ ÀYÈ KÉKERÉ.
Ògiri kò pọn dandan.
Kí onílé ṣáà ti lè sọ̀rọ̀.
Ẹ béèrè Nesta.

14.

Clifford dúró síbẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an. Ìlà tó fà kí obìnrin yìí má bàa lọ ló ń lé e lọ. Páì kejìlá tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

15.

*Ìwé láti ọ́fíìsì owó-orí. Ẹ̀dà kan péré, ẹni méjì ló máa kún un.*

Ìbéèrè kìíní: Ṣé àyè tí ayálégbé ń lò ní ààlà?
Onílé: *Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní in gan-an.*

Ìbéèrè kejì: Ṣé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lo àyè náà ni, àbí ayálégbé nìkan ló ń lò ó?
Onílé: *~~A jọ~~ Òun nìkan.*
Ayálégbé: ……………………

16.

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Clifford na ìwé náà kọjá ìlà. Nesta kà á tán.*

NESTA: Torí owó-orí lẹ ṣe fa ìlà?

CLIFFORD: Torí Aberystwyth ni.

NESTA: Kí ló kan Aberystwyth?

CLIFFORD: Ìdá ogún ló fẹ́ gorí ẹ̀. O sì ti sọ pé póùn kan péré, wàá lọ.

NESTA: Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ wa yẹn ló fà á.

CLIFFORD: Mi ò mọ̀.

NESTA: O ò béèrè.

CLIFFORD: Mi ò béèrè.

NESTA: Èló ló ń jẹ́, ìdá ogún yẹn, lóṣù?

CLIFFORD: Póùn mẹ́rìndínláàádọ́ta.

NESTA: Tí mo bá ní èmi nìkan ni mò ń lò ó ńkọ́?

CLIFFORD: O ò ní san nǹkan kan. Èmi á sì dúró síbi tí mo wà yìí.

NESTA: Tí mo bá sì ní a jọ ń lò ó, póùn mẹ́rìndínláàádọ́ta.

CLIFFORD: Ó pọ̀.

NESTA: Mi ò ní kò pọ̀.

17.

Nesta mú bírò. Ó fi apá bo ìwé bí ọmọ iléèwé nígbà ìdánwò. Ohun tó kọ ò gùn. Ó ká ìwé náà sínú àpòòwé, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, ó wọ kóòtù láti lọ fi í ránṣẹ́.

18.

CLIFFORD: Kí lo kọ?

NESTA: Ìwé ìjọba ni. Dúró de èsì bí gbogbo èèyàn.

19.

Ọ́fíìsì owó-orí máa ń fèsì láàárín ogójì ọjọ́. Òní ni ọjọ́ kẹta. Clifford ti tún bàtà kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì.