Ìgò Tó Ń Rìn

Ọwọ́ Ìyá Onígò ti wọ inú báàgì ọmọbìnrin náà dé ìgbọ̀nwọ́ kí ó tó rántí pé orúkọ wà tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣe irú èyí. Kò fa ọwọ́ yọ. Ìwé, ìyarí, búrẹ́dì àjẹkù. Kò sí ìgò níbẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí nínú yàrá yìí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀: òkú ẹranko tí wọ́n fi ọtí tọ́jú sínú ìgò kí ó má bàa jẹrà, láti ilẹ̀ dé àjà. Apá òsì ni àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn wà: kòkòrò, ìgbín, alákàn, ekòló. Àwọn tó ní in wà lápá ọ̀tún: ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan rẹ̀, afàyàfà, ẹyẹ, àti àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó lè dijú kó sì fọwọ́ lé èyíkéyìí tí o bá dárúkọ. Àfi láti oṣù tó kọjá, tí wọ́n mú ọmọbìnrin yìí wá bá a láti yunifásítì, ni ìgò ekòló ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bá a láàárín àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà láìsọ̀rọ̀. Lánàá, ó so òwú dúdú kan mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ yìí, òwú ti já, ìgò ò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn alábẹ̀wò tó máa yẹ yàrá náà wò ń bọ̀ lọ́sàn-án òní. Bí wọ́n bá rí ẹranko kan ṣoṣo níbi tí kò yẹ, ọmọ yunifásítì ni yóò gba kọ́kọ́rọ́, Ìyá Onígò á sì máa lọ sílé.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ yìí ń tètè dé jù. "Ẹ kú iṣẹ́, mà" rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìka rẹ̀ kan nǹkan tó ń dán. Fọ́tò inú ara ni, irú èyí tí wọ́n ń yà lọ́sibítù.

"Ṣé ẹ ń wá nǹkan ni, mà?"

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Èmi lò ń bi? Ìwọ tó o jí ìgò gbé?"

"Ọwọ́ yín ló wà nínú báàgì mi, mà."

"Má bá mi ṣàwàdà. Bàbá mi ló kọ ìwé tó wà lára ìgò yẹn. Ekòló ló kọ síbẹ̀. O fẹ́ kí wọ́n bá a láàárín ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n lè ní mi ò mọ̀ ju kí n máa nu ìgò lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò yẹn. Àǹtí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ló bá mi yà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín, ojú yín ni ò gbà."

Ìyá Onígò gbé e sójú fèrèsé. Ẹranko náà ká bí okùn, kò lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí dé ìrù, eegun wẹ́wẹ́ tò tẹ̀léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí òwú. Ekòló kì í ní eegun.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo ní kó kàn ti wà níbi tó yẹ ẹ́ kí wọ́n tó dé ni."

Ó wá irọ́ lójú ọmọ náà títí. "Kí ló dé tí ìgò tutù?"

"Mo ń fọ̀ ọ́ ni, ìwé ara rẹ̀ wá ń ṣí. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀."

Ìyá Onígò gba ìgò náà, ó fi èékánná ká ìwé òkè kúrò. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ wà, tínínrín, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan: *Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó ní eegun ẹ̀yìn.*

Ó wá wo èyí tó ká kúrò. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti kà á gbẹ̀yìn. Ó kàn mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Lẹ́tà ńláńlá tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà náà, ó dúró lórí àpótí, gọ́ọ̀mù kún ìka rẹ̀. "Ekòló ni, Bàbá!" Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó sì gbé bírò fún un.

Bàbá rẹ̀ kò yọ ìwé náà kúrò láti ọjọ́ náà.

Mọ́tò àwọn alábẹ̀wò dúró níta. Ìyá Onígò gbé ìgò náà lọ sápá ọ̀tún, ó tò ó sáàárín àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ó kọ ojú ìwé tí bàbá rẹ̀ kọ síta. Ó dá fọ́tò padà sínú báàgì, ó sì fa síìpù rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí ọmọbìnrin náà.

"Lọ ṣílẹ̀kùn iwájú fún wọn."

Ọmọ náà lọ. Ó ṣílẹ̀kùn. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ó ti sáré padà wá fi kọ́kọ́rọ́ náà sí Ìyá Onígò lọ́wọ́, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.